Mọ́tò oníná lọ sí ìlú kékeré: níbo lẹ ti rí iná?

ỌmọYábàá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìnáwó àwọn ẹbí ìyàwó mi bọ́ sí Sátidé ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, mọ́tò oníná la sì fẹ́ gbé lọ. Nílé ni mo ti máa ń ṣáàjì ní Yábàá níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé e dé ìgbèríko rí, kí lojú yín rí?

ÌyáÌbejìSúrùlérè: Igbó-Ọrà yẹn gan-an ni mo gbé tèmi lọ ní Disẹ́ńbà! Bátìrì kún dé 100 nígbà tí mo kúrò ní Súrùlérè, 41 ló kù nígbà tí mo débẹ̀. Mi ò rí ibi ìṣáàjì kankan. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo dé sí gbà kí n ki wáyà bọ ihò iná ẹ̀yìn ilé. Gílóòbù ń tàn, fáànù ń fẹ́, ṣùgbọ́n iná pupa ni ṣájà ń tàn. Mo yọ ọ́, mo tún un kì, pupa ni. Wọ́n bá mi pe oníná. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Mọ́mì, ilé yìí ò ní éàtì, wáyà tó ń gbé iná wọlẹ̀." Ó gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó gbá ọ̀pá irin wọlẹ̀, ó da èédú àti iyọ̀ sí i, ó bu omi lé e, ó wá fa wáyà láti ibẹ̀ wọnú ihò iná. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ṣájà tó tan iná àwọ̀ ewé. Omijé bọ́ lójú mi.

Adéọlá_Mushin: Ilé tí ò ní éàtì! Ṣé iná fíríìjì wọn kì í gbé wọn ni?

ÌyáÌbejìSúrùlérè: Ó ń gbé wọn. Ó ti mọ́ wọn lára.

Ọmọ Oníná: Èédú àti iyọ̀ tí mọ́mì sọ yẹn, òótọ́ ni. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta nìyẹn. Ẹ kàn máa bu omi sí i lẹ́ẹ̀rùn.

Káyọ̀dé: Ṣé kò sí jẹnẹrétọ̀ ni?

Ọmọ Oníná: Ṣájà ihò iná ilé ń fa bíi wáàtì 2,200. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà níta wa yìí kò ju 950 lọ. Èyí tó tóbi gan-an, bí wọn ò bá so ó mọ́ éàtì dáadáa, pupa náà ni.

Káyọ̀dé: Ẹ jẹ́ n máa ra epo mi lọ.

Adéọlá_Mushin: Ká ní lítà epo kan jẹ́ 900 náírà, lítà 20 á jẹ́ 18,000. Yúnìtì iná 40 tó lè rin bíi ọ̀nà kan náà, ká tiẹ̀ lo 225 náírà tí wọ́n gbé Band A (àwọn tó yẹ kó rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́) dé lóṣù kẹrin 2024, 9,000 ni. Ṣírò ẹ̀ wò.

Káyọ̀dé: Ṣé Igbó-Ọrà wà ní Band A ẹ ni? Ilé epo wà ní gbogbo oríta.

Akọkà4Life: Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ibi ìṣáàjì olóòrùn tí NADDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò ṣíṣe, kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, yunifásítì ni wọ́n kó o sí: Ṣókótó, Nsukka àti Yunifásítì Èkó tiwa níbí. Ìgbèríko lóòrùn púpọ̀, ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ gbé e dé ibùdókọ̀ wọn.

ỌmọYábàá: Mọ́mì, ṣé ó wá kún?

ÌyáÌbejìSúrùlérè: Wọ́n mú iná lọ laago méjì òru, ó padà dé ní mẹ́rin. 68 ni mo gbé kúrò laago mẹ́fà. Mi ò tan ẹ́ésì títí mo fi délé, 12 ló kù.

Adéọlá_Mushin: Nínú ooru?

ÌyáÌbejìSúrùlérè: Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà.

Bísí_Ọ̀ṣòdì: Mọ́mì, ṣé ẹ jẹ ọbẹ̀ ilasa níbẹ̀ ṣá? Òun ni wọ́n ní ó ń mú wọn bí ìbejì.

Akọkà4Life: Iṣu ni.

Bísí_Ọ̀ṣòdì: Ilasa ni! Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú náà.

ÌyáÌbejìSúrùlérè: Súrùlérè ni mo ti bí tèmi, n ò tíì fẹnu kan ilasa nígbà yẹn.

ỌmọYábàá: Mọ́mì ti fi nọ́ńbà òtẹ́ẹ̀lì náà ránṣẹ́ sí mi. Mo pè wọ́n, mo bi wọ́n bóyá éàtì wà. Ẹni tó gbé fóònù ní irin tí màmá kan ní kí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.