Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ta ilẹ̀ l'Ékìtì, àti ohun tí ẹ máa bá lórí ilẹ̀

Aláàlà: Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń júwe ilẹ̀ lágbègbè rẹ̀, kó sọ ohun tí olùrà máa bá pàdé bó bá débẹ̀. A ò fẹ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni níbí. Màá fi pílọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀.

Pílọ́ọ̀tì kò ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà (50 ní fífẹ̀, 100 ní gígùn) ni ti ẹlòmíì, 60 sí 120 ni ti ẹlòmíì. Àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 465, èkejì jẹ́ 669. Ààyè tí èkejì fi ju àkọ́kọ́ lọ gba odindi ilé kékeré kan lẹ́yìn. Téèpù ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìgbésẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ẹ na téèpù láti igun sí igun lọ́nà méjèèjì. Bí ilẹ̀ 50 sí 100 bá gún, igun sí igun rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 112. Ti 60 sí 120 á lé díẹ̀ ní 134. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ilẹ̀ náà ti wọ́ nìyẹn, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì lè pé kí ilẹ̀ ṣì dín.

Wọ́n á tún ní éékà kan jẹ́ pílọ́ọ̀tì mẹ́fà. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ 60 sí 120, kí wọ́n tó la ọ̀nà. Bí wọ́n bá la ọ̀nà tán, ẹ bi wọ́n léèrè ìkẹfà.

Bíríkìlà Adó: "Ilẹ̀ gbígbẹ" ni tèmi. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ilẹ̀ ló gbẹ. Ẹ lọ wò ó ní oṣù kẹsàn-án. Bí ẹ bá rí èèsún tó pọ̀, tàbí ọ̀pẹ ògùrọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àkùrọ̀, ewébẹ̀ ló yẹ ibẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sun síbẹ̀, iyanrìn tí ẹ máa rọ́ sí i kí ìpìlẹ̀ tó dìde lè gbówó ju ilẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn tó ń rà nítòsí odò Ureje ní Adó, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ti àpáta wá ńkọ́? Èkìtì kúkú ni, kì í ṣe Olósùnta, òkè àpáta Ìkẹ́rẹ́, nìkan ni òkúta wà. Ẹ fi dígà gún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín ilẹ̀. Àpáta dára fún ìpìlẹ̀, àmọ́ kànga kì í fẹ́ wọlẹ̀ níbẹ̀, sọ́kàwéè kì í sì í mu omi, ńṣe ló máa kún padà.

Títí: Ilẹ̀ tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Bíríkìlà Adó: Ẹ bu omi sínú páìpù rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara, kí ẹnìkan di orí kan mú níwájú ilẹ̀, ẹnìkejì lẹ́yìn. Ojú omi ló máa sọ ìyàtọ̀ gíga wọn. Bí ilẹ̀ tó gùn ní 100 ẹsẹ̀ bàtà bá lọ sílẹ̀ ní 10, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ odindi àjà kan sínú ilẹ̀ kí ẹ tó dé pálọ̀.

Ọmọ Olóko: Ẹ̀yin tó ń ra oko, ọ̀rọ̀ yín ló le jù. Bí ẹnìkan bá ní òun ń ta "oko kòkó", ẹ bi í bóyá ilẹ̀ ni àbí igi. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ (owó tàbí irè oko tí àgbẹ̀ ń fún onílẹ̀) ló ni kòkó tó gbìn. Onílẹ̀ ló ṣì ni ilẹ̀. Bó ti wù kí àgbẹ̀ náà pẹ́ tó níbẹ̀, kò lè ta ilẹ̀ láìjẹ́ pé onílẹ̀ gbà.

Ìdógò tún wà. Ẹni tó yáni lówó ń ká kòkó lórí oko títí owó rẹ̀ á fi padà. Ọjọ́ kì í sọ ìdógò di títà: ọmọ ọmọ ẹni tó fi oko dógò lè gbé owó wá kó sì gba oko. Nítorí náà, ẹ má bi ẹni tó ń ká a nìkan. Ẹ bi àwọn tó pààlà pẹ̀lú oko náà pé ta ló gbìn ín, ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀.

"Ẹgàn ni, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án rí." Ṣé ewé Akíntọ́lá ló bò ó? Wọ́n ti dáko níbẹ̀ rí nìyẹn, olóko náà sì lè wà láàyè.

Akọ̀wé Lọ́yà: Lórí ilẹ̀ ẹbí, bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà rẹ̀, òfo ni. Bí olórí bá sì tà á láìbá àwọn àgbà ìdí igi kọ̀ọ̀kan sọ ọ́, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá tètè pẹjọ́. Ìdí igi ni àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka iye ìyá tó wà nínú ẹbí náà, kí ẹ rí i pé aṣojú ìyá kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i.

"Ìwé pé" náà, ẹ bi wọ́n pé ìwé wo. Rìsíìtì jẹ́rìí owó lásán. Láti 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, bí ilẹ̀ tó ní C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí) bá fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. C of O pàápàá kò sì ní kí ẹbí tó ni ilẹ̀ gan-an má pẹjọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba nọ́ńbà kọ́ọ̀dínéètì, èyí tó ń tọ́ka ibi tí ilẹ̀ wà gan-an, lọ́wọ́ sọ̀fíọ̀ tó wọn ilẹ̀ náà, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Sọ̀fíọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ yẹn.

Títí: Bí pèrègún ààlà àti bíkìn sọ̀fíọ̀ (òpó kékeré tó fi sàmì sí igun ilẹ̀) kò bá sí lójú kan náà ńkọ́?

Aláàlà: Ẹ má sanwó lọ́jọ́ yẹn. Ẹ pe aládùúgbò tó pààlà pẹ̀lú ilẹ̀ náà, ẹbí tó ń tà á àti sọ̀fíọ̀, kí gbogbo wọn dúró síbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹnu kò, kí sọ̀fíọ̀ tún àwòrán ilẹ̀ náà yà, kí aládùúgbò sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.