Ìrìnàjò ìhìnrere sí apá Pọ̀bẹ̀ àti Àjàṣẹ́: kí ló máa ń dà á rú?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìjẹ̀bú Òde) béèrè pé:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ń múra ìrìnàjò ìhìnrere sí ilẹ̀ Benin ní oṣù August, fún ọjọ́ 9. Àwa 14 la ó lọ, bọ́ọ̀sì ìjọ la ó sì gbé. Abúlé mẹ́ta ni. Méjì wà lẹ́bàá Pọ̀bẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ẹ̀kẹta sún mọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn Ègùn ló pọ̀ níbẹ̀. Ètò tó wà nílẹ̀ ni ìsọjí alẹ́ mẹ́rin, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ pẹ̀lú oògùn, àti pínpín aṣọ òkìrìkà pẹ̀lú ìrẹsì. Nọ́ọ̀sì méjì wà nínú wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí, kí ló máa ń dà á rú, kí sì ni ká ti ṣe kí a tó kúrò nílé? Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa.

Olùdarí Míṣọ̀n (Ṣàgámù):

Àbúrò, ẹ kú ìmúra. Kí a tó dé orí bọ́ọ̀sì: ta ló pè yín? O ka ètò sílẹ̀, o ò dárúkọ ìjọ tó ń gbà yín lálejò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìrìnàjò ti ń bàjẹ́. Ìjọ ibẹ̀ ni yóò dúró ti àwọn tó bá gbàgbọ́ nígbà tí ẹ bá ti padà sí Ìjẹ̀bú, nítorí náà àwọn ni kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́, kí ẹ̀yin wá sọ èyí tí agbára yín ká. Ẹ bi pásítọ̀ wọn léèrè: iṣẹ́ wo ló wà lọ́wọ́ yín tí a lè bá yín gbé? Ọjọ́ wo ni ọjà yín? Ṣé orò tàbí ìsìnkú ńlá kan kò bọ́ sí ọ̀sẹ̀ náà? Baálẹ̀ wo la ó kọ́kọ́ kí? Bí ó bá dáhùn pé “ohun tó bá wù yín náà ni”, ẹ má tíì gbà. Ẹ̀rù àlejò ló ń bà á. Ẹ rán ẹni méjì lọ bá a jókòó, kí wọ́n sun ibẹ̀ mọ́jú.

Oṣù August dára ní tòótọ́. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lápá gúúsù, àwọn ọmọ sì wà ní ọlidé.

Ní ti ọ̀nà, ẹ má wulẹ̀ gba Èkó lọ sí Sẹ̀mẹ̀ tó bá jẹ́ pé Pọ̀bẹ̀ lẹ kọ́kọ́ ń lọ. Láti Ìjẹ̀bú Òde ẹ já sí Ṣàgámù, kí ẹ gba Abẹ́òkúta, Pápáàlàǹtò, Ìlaró àti Òwòdé títí dé Ìdíìrókò. Ẹ̀yìn bọ́dà ni Ìgòlò, láti ibẹ̀ ẹ gòkè gba Sakété lọ sí Pọ̀bẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀ ni kí ẹ wá yà sí apá Àjàṣẹ́.

Ìwé: páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tó ṣì ní ọjọ́ lórí. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà fún ọjọ́ 90. Yẹ́lò káàdì ńkọ́? Abẹ́rẹ́ yellow fever gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára kí káàdì tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá lọ gbà á ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra ti pẹ́ jù. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ló tó fún gbogbo ayé ẹni. Ẹ gba òǹtẹ̀ lápá méjèèjì, ti Nàìjíríà tí ẹ ń fi sílẹ̀ àti ti Benin tí ẹ ń wọ̀. Ẹni tó bá fo òǹtẹ̀ ìwọlé nítorí pé ilà gùn, nígbà tó bá ń jáde ni wọ́n máa ń dá a dúró, àwọn 13 tó kù á sì dúró tì í nínú oòrùn. Bọ́ọ̀sì nílò ìwé ìbánigbófò tí wọ́n ń pè ní Brown Card, ìwé kọ́sítọ̀ọ̀mù fún ọkọ̀ tí yóò padà, àti lẹ́tà ìjọ tó fún dírẹ́bà láṣẹ láti gbé e. Kí lẹ́tà ìpè àti orúkọ gbogbo yín wà ní èdè Faransé, ẹ̀dà mẹ́rin.

Àwọn nǹkan kékeré tó máa ń dá iṣẹ́ dúró: sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn jẹ́ oníhò róbótó méjì, ti wa jẹ́ oníhò mẹ́ta. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó jí pépé ní Ìjẹ̀bú á di ẹrù lásán lóru àkọ́kọ́ bí kò bá sí àdáptà. Ẹ ra mẹ́rin, kí ẹ so ẹsitẹ́ṣọ̀n tiwa mọ́ ọn. Láti ìparí November 2024, nọ́ńbà fóònù wọn ti di ẹyọ mẹ́wàá, 01 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà àtijọ́ ti pásítọ̀ tó wà lórí fóònù yín kò ní lọ àfi tí ẹ bá fi 01 síwájú rẹ̀ lẹ́yìn +229. Ẹ ṣe ìṣirò owó ní sẹ́fà (owó Benin), kì í ṣe náírà, nítorí sẹ́fà so mọ́ owó Yúróòpù, 655.957 sí yúrò kan, náírà ló ń lọ sókè sódò. Ẹ jẹ́ kí ìdá tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ 500, 1,000 àti 2,000, torí ẹni tó ń ta àkàrà ní abúlé kò ní ṣéńjì 10,000.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ìkẹ́nnẹ́):

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ oògùn yìí ló ń kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má di páálí oògùn sínú bọ́ọ̀sì. Ó ti tó ọdún mélòó kan, láti 2017, tí ìjọba Benin ti gbógun ti oògùn tí kò ní ìwé, kọ́sítọ̀ọ̀mù ò sì ní wo ti ìhìnrere mọ́ yín lára. Ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ti Nàìjíríà náà kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti tọ́jú aláìsàn níbẹ̀. Kí pásítọ̀ ibẹ̀ mú yín lọ bá ọ̀gá ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò, ó kéré tán oṣù méjì ṣáájú. Kí iṣẹ́ wáyé nínú ọgbà rẹ̀, kí ó jẹ́ òun ló ń kọ oògùn, kí owó tí ẹ fẹ́ fi ra oògùn níhìn-ín sì lọ sí ilé oògùn tiwọn. Àkọsílẹ̀ aláìsàn á wà lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí oògùn bá sì ṣe ní jàǹbá lọ́jọ́ kẹta á mọ ibi tí yóò gbà.

Ẹ yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò pátápátá. Oògùn tí ènìyàn ń lò títí ayé ni. Bí ẹ bá fún ìyá kan ní ti ọjọ́ méje, yóò rò pé òun ti wò, kò sì ní lọ sí ilé ìwòsàn mọ́. Ẹ lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ṣùgbọ́n kí ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa: kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 5 láìsọ̀rọ̀, kí ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí apá wà ní déédéé ọkàn, kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá tó rìn láti oko tí wọ́n sì ká apá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ á ka 150 láìjẹ́ pé àìsàn kan ń ṣe é. Bí ó bá lé ní 140/90 lẹ́ẹ̀mejì, kọ ọ́ sí ìwé kí ó mú un lọ fún nọ́ọ̀sì wọn. Bí ó bá dé 180/120 tí orí ń fọ́ ọ tàbí àyà ń dùn ún, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn aràn ńkọ́? Ìjọba wọn máa ń pín in fún ọmọ ilé ìwé, ẹ béèrè kí ọmọ kan má baà lò ó ní ìlọ́po méjì.

Ohun tí mo máa bẹ̀ yín kí ẹ gbé dání, tí ọ̀gá ilé ìwòsàn bá gbà, ni awò ìkàwé. Àwọn ènìyàn tó ti lé ní 40 ọdún ló ń fẹ́ ẹ, kò wúwo, kò sì ń bàjẹ́. Ẹ kó èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ +1.00 títí dé +3.00, kí +1.50, +2.00 àti +2.50 pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ṣà á nínú apẹ̀rẹ̀ bí aṣọ. Mú abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú, tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ìyá náà jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀. Kí ó di abẹ́rẹ́ mú níwájú ara rẹ̀, bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Bẹ̀rẹ̀ láti èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù, máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kí o sì dúró ní èyí àkọ́kọ́ tí òwú fi wọ ojú abẹ́rẹ́. Má lọ sí èyí tó tún le jù ú lọ nítorí ó ní “èyí tóbi sí i”. Ibẹ̀ ni orí fífọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀wé kà nílò rẹ̀ bákan náà, fún rírán aṣọ àti ṣíṣa òkúta inú ẹ̀wà. Bí kò bá rí ọ̀ọ́kán, tàbí tí àárín ẹyinjú rẹ̀ funfun bíi wàrà, awò kò ní ràn án lọ́wọ́. Dókítà ojú ni kí ó rí.

Fún ẹ̀yin fúnra yín: àwọ̀n ẹ̀fọn olóògùn 14, ohun èlò ìyẹ̀wò ibà, àti oògùn ibà tí dókítà kọ fún yín. Ti artemether-lumefantrine 20/120, hóró 24 ni àgbàlagbà ń lò: 4 lójú ẹsẹ̀, 4 lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà 4 láàárọ̀ àti 4 lálẹ́ fún ọjọ́ méjì. Kí wọ́n lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tó ní òróró, ẹ̀kọ òfo ò jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Fún ìgbẹ́ gbuuru, ẹ kó ORS (iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá tí a ń pò mọ́ omi mu). Tó bá tán, lítà kan omi tó ti hó tó sì ti tutù, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí tẹ́jú, kí ó má ga. Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu.

Ògbufọ̀ (Ìpẹru):

Ẹ ṣeun, nọ́ọ̀sì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èdè, torí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ò fọkàn sí.

Ní Pọ̀bẹ̀, ẹ̀ka-èdè Yorùbá tiwọn ni wọ́n ń sọ. Wọn á gbọ́ yín, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ti sọ Ìjẹ̀bú lásán láàárín àwọn ará Ọ̀yọ́ mọ ohun tí mò ń wí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ìwé, nítorí náà ìwé ìléwọ́ Yorùbá tí ẹ fẹ́ pín, ọ̀pọ̀ á gbọ́ ọ bí ẹ bá kà á fún wọn, wọn ò ní lè kà á fúnra wọn. Ẹ ka Bíbélì sókè ketekete, ẹ sì gbé ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ dání.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹra fún. Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, tí Samuel Ajayi Crowther ṣe iṣẹ́ ńlá lé lórí, pe Sátánì ní Èṣù, ó sì ti mọ́ wa lẹ́nu. Ní agbègbè yẹn, Èṣù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé, Lẹ́gbà ni Ègùn ń pè é, olórí ẹbí ló sì ń bọ ọ́. Bí oníwàásù bá ń pariwo “Èṣù, o dá!” láti orí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ohun tí bàbá àgbà gbọ́ ni pé àlejò ń bú ilé òun lójú àwọn ọmọ òun. Ẹ máa sọ pé Sátánì. Ẹ má ya fọ́tò ojúbọ, ẹ má sì sún mọ́ ọn. Inú oṣù January ni ọdún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí ìjọba wọn yà sọ́tọ̀, ọlidé gbogbo ìlú ni, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré lójú wọn.

Ní abúlé Ègùn, ògbufọ̀ ni yóò wàásù. Ìwàásù ogún ìṣẹ́jú á di ogójì. Ẹ mú méjì wá kí wọ́n máa gba ara wọn ní ààbọ̀ wákàtí, ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko á bẹ̀rẹ̀ sí í fo ọ̀rọ̀. Ẹ fún wọn ní ẹsẹ Bíbélì àti ohun tí ẹ fẹ́ sọ ní àná ọjọ́ náà. Sọ gbólóhùn tó pé, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí o dúró. Bí o bá dá a sí àárín, “ẹni tí kò bá…”, kò sí bí yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀, torí kò mọ ibi tó ń lọ. Má pa òwe, má fi ohùn ọ̀rọ̀ ṣeré. Ojú àwọn ènìyàn ni kí o máa wò, kí ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ pẹ̀lú gbohùngbohùn tirẹ̀. Bí o bá sọ ọ̀rọ̀ márùn-ún tó sì sọ ogún, àlàyé ló ń ṣe, bi í léèrè lẹ́yìn ìsìn. Má sì bi ìjọ pé “ṣé ó yé yín?” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò. Sọ pé kí ẹnì kan tún ìtàn náà sọ, ibẹ̀ lo ó ti mọ ohun tí wọ́n gbọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ (Ìjẹ̀bú Òde):

Ẹ ṣeun gan-an, sà, mà. A ó pe pásítọ̀ ibẹ̀ lónìí. Aṣọ òkìrìkà àti ìrẹsì ńkọ́? Àwọn ìyá ìjọ ti ń kó o jọ. Gààrí náà ńkọ́?

Olùdarí Míṣọ̀n (Ṣàgámù):

Ẹ dá aṣọ dúró. Kọ́sítọ̀ọ̀mù á rò pé ọjà ni, télọ̀ abúlé á sì jókòó lásán fún oṣù kan. Kí àwọn ìyá ìjọ ta á níbí, kí owó rẹ̀ wọ inú àpò ìrìnàjò. Ìrẹsì, ọjà wọn ni kí ẹ ti rà á, kí díákónì wọn pín in fún àwọn opó tí wọ́n mọ̀ nílé, láìsí kámẹ́rà. Ẹ má pín nǹkan lẹ́yìn ìpè sí ìrònúpìwàdà. Ẹni tó na ọwọ́ nítorí ìrẹsì ò ní mọ bó ṣe máa yọ ara rẹ̀ lọ́la, ẹ̀yin náà á sì ka iye tí kò sí. Owó fún ìjọ wọn, ẹ fún ìgbìmọ̀, kí ẹni méjì fọwọ́ síwèé, kì í ṣe sínú àpò pásítọ̀ lálẹ́.

Gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ gbé e, fún ẹnu yín ni o. Gíráàmù 150 fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ènìyàn 14, ọjọ́ 9, kílò 19 nìyẹn. Èyí tó kan dáadáa tí wọ́n sì yan gbẹ ni kí ẹ rà, torí èyí tó bá ṣì lọ́rinrin á bu. Ẹ dì í sí ọ̀rá méjì, kí ẹ pín in sí àpò mẹ́rin.

Níbi ọ̀rọ̀ ọmọdé, kí ẹ máa jẹ́ ẹni méjì nígbà gbogbo: kò sí ọmọ ẹgbẹ́ yín tó gbọ́dọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan, kò sí fọ́tò ọmọ lórí Facebook láìjẹ́ pé òbí gbà.

Ìwé orúkọ àwọn tó gbàgbọ́, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, kí èyí tí a fi bírò kọ wà lọ́wọ́ pásítọ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó gòkè bọ́ọ̀sì: orúkọ, agboolé, ẹni tó mú un wá, èdè tó gbọ́. Kí ẹ sì ti ya owó ọkọ̀ ẹni mẹ́ta sọ́tọ̀ nísinsìnyí, láti inú owó yìí kan náà, kí wọ́n padà lọ ní November, kí wọ́n kàn lọ jókòó ti pásítọ̀, kí wọ́n jọ wọ ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé orúkọ náà.