Arachidonic acid: ṣé inú ẹ̀pà ló ti ń wá ni?

Àkànní_200L: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí. Wọ́n ní orúkọ ẹ̀pà, Arachis, ni wọ́n ti mú orúkọ arachidonic acid, mo wá lọ ka ohun tó wà nínú òróró ẹ̀pà, mi ò rí i. Ta ló ń parọ́? Kí sì ni aspirin ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ọmọ_Láàbù: Kò sẹ́ni tó parọ́ o. Arachidic acid ló wà nínú ẹ̀pà, wò ó dáadáa, "on" ò sí láàárín ẹ̀. Ásíìdì inú ọ̀rá làwọn méjèèjì, kábọ̀n 20 ni wọ́n sì ní, àmọ́ ìdè oníméjì (double bond) mẹ́rin ló wà lára èyí tó ò ń béèrè, ti ẹ̀pà ò ní kankan. Tí wọ́n bá fi háídírójìn dí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti ẹ̀pà náà ló máa dà, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Inú ẹran àti ẹyin la ti ń rí i jẹ, ara wa náà sì ń fi linoleic acid, ásíìdì inú ọ̀rá míì, ṣe é. Ológbò ò lè ṣe tiẹ̀ tó, ẹ má fi ẹ̀fọ́ nìkan bọ́ ọ o 😂

Nọ́ọ̀sì_Ìyá_Ìbejì: Jẹ́ n mú ti aspirin. Ara awọ sẹ́ẹ̀lì ni arachidonic acid ń wà jẹ́ẹ́, tó o bá fẹsẹ̀ gbá òkúta báyìí ẹ́ńsáìmù kan (òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì) á já a sílẹ̀, òmíì tó ń jẹ́ COX á gbà á, á sọ ọ́ di prostaglandin, ìyẹn ló ń mú kó wú kó gbóná, òun náà ló ń lọ́ wa nínú tá a bá ń ṣe nǹkan oṣù. Aspirin ò mọ ibi tó ń dùn ẹ́ o, COX ló ń lọ tì pa. 1971 ni John Vane, onímọ̀ nípa oògùn, tú àṣírí yẹn, ó gba Nobel ní 1982, bẹ́ẹ̀ láti 1899 ni wọ́n ti ń ta aspirin!

Àkànní_200L: Ẹ ṣé mà. Bàbá mi wá ń lo kékeré kan lójoojúmọ́ nítorí ọkàn, nǹkan kan ò sì dùn wọ́n.

Ọmọ_Láàbù: Platelet, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ló ń fi arachidonic acid ṣe thromboxane tí wọ́n fi ń ṣùpọ̀, ìṣùpọ̀ yẹn ló sì lè dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọkàn. Tí aspirin bá ti ba COX wọn jẹ́, wọn ò ní núkílíọ́ọ̀sì (ibi tí àṣẹ sẹ́ẹ̀lì wà) tí wọ́n á fi ṣe òmíì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe wà títí wọ́n á fi kú, bí ọjọ́ 7 sí 10. Nínú láàbù, arachidonic acid náà la ń kán sínú omi ẹ̀jẹ̀ tí platelet mú kó dọ̀tí bí omi ògì, tí platelet bá ṣùpọ̀ omi yẹn á mọ́, tó bá dọ̀tí síbẹ̀, aspirin ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kí bàbá má dá a dúró láìbi dókítà o.

Atẹ́gùn sì tètè ń ba arachidonic acid jẹ́. Mo gbàgbé ìgò ẹ̀ kan sórí tábìlì mọ́jú, mi ò tilẹ̀ dé e dáadáa, gbogbo ẹ̀ la dànù, ọ̀gá mi ò kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.