Ọmọ mi ní ikán àti eèrà lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onípákó Òkè-Fìà:
Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ kú iṣẹ́ o. Pákó ni mò ń tà. Ọmọ mi obìnrin wà ní ìpele kẹta ní yunifásítì níbí, Zoology, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti kòkòrò, ló ń kà. Nọ́ọ̀sì la fẹ́ kó kà tẹ́lẹ̀, JAMB ni kò jẹ́. A gbà, a ní tó bá ṣe tán, yóò wáṣẹ́ sí báǹkì. Àfi bó ṣe délé lọ́sẹ̀ tó kọjá tó ní òun ò lọ báǹkì kankan, pé ikán, eèrà àti oyin lòun fẹ́ máa ṣèwádìí nípa wọn títí òun á fi di ọmọwé. Ikán! Èmi tí mò ń fi oògùn ikán kun pákó kí oníbàárà má bàa rù ú padà wá bá mi.

Ìyá rẹ̀ ò sùn. Ó ní kí n wá ẹni tó máa bá wa gbé e bọ́ sí Nọ́ọ̀sì, kódà kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele àkọ́kọ́. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ò pọ̀: ta ló ń sanwó fún ẹni tó mọ eèrà?

Ìyá Ìbejì:
Bàbá, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ọmọ onípákó! Tó bá jẹ́ tèmi ni, Nọ́ọ̀sì ni. Àbúrò ọkọ mi ka Zoology, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ló ti ń kọ́ni báyìí, owó tí wọ́n ń san fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó owó ọkọ̀.

Àgbẹ̀ Kòkó:
Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà á rántí kòkòrò funfun bí ìyẹ̀fun tó ń pa ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn 1970. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sì sí ohun tó ń jẹ ẹ́ níbí. Hans Herren, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Ìbàdàn, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wá ọ̀tá rẹ̀ lọ dé ilé. Paraguay ni wọ́n ti rí agbọ́n tíńtín kan tó ń yé ẹyin sínú ara kòkòrò náà. Ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́ tán láti inú. Ní 1981 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà. Wọ́n fún Herren ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní 1995. Ìmọ̀ kòkòrò náà ló fi ṣe é o.

Ní ti eèrà, àwa olókò kòkó mọ̀ ọ́n. Irú àwọn kòkòrò funfun bẹ́ẹ̀ náà ló ń tan àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú, eèrà ló sì ń ṣọ́ wọn nítorí omi dídùn tó ń jáde lára wọn. Ẹni tí kò bá mọ eèrà kò lè tú ọ̀rọ̀ yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì:
Ẹ káàsán sà. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ìwádìí lórí eèrà ni mò ń ṣe níbí fún oyè ọmọwé. Owó oṣù ni wọ́n ń san fún mi, bí òṣìṣẹ́. Bó ṣe rí fún ọ̀pọ̀ wa níbí nìyẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa san án.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín. Ọ̀nà náà jìn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, agùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà másítáàsì, kó tó wá kan ọmọwé. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ ọlọ́dún méjì-mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fúnni, ó lè pẹ́ kéèyàn tó fìdí múlẹ̀. Nílé, yunifásítì, IITA àti ilé ìwádìí kòkó tó wà n'Ìbàdàn ló kù. Ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá dé Yúróòpù. icipe, ilé ìwádìí kan ní Nairobi, tí Thomas Odhiambo ọmọ Kenya dá sílẹ̀ ní 1970, kòkòrò ni gbogbo iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń gba ọmọ Áfíríkà fún ọmọwé. Yunifásítì Würzburg náà ní ibùdó ìwádìí nínú igbó Comoé ní Côte d'Ivoire, wọ́n sì ti ṣèwádìí níbẹ̀ lórí irú ikán tó ń mọ ògán lọ́dọ̀ wa gan-an.

Ní ti ikán yín sà (ẹ jẹ́ kí n gbèjà wọn díẹ̀), ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì oríṣi tí a mọ̀ láyé, èyí tó ń jẹ pákó ilé ò pọ̀ nínú wọn. Ìbátan aáyán ni wọ́n, wọn kì í ṣe eèrà. Olú ńlá tẹ́ ẹ máa ń rà lẹ́yìn òjò, tó ń hù lára ògán, àwọn ni wọ́n ń gbìn ín nínú ilé wọn, oúnjẹ wọn ni.

E. O. Wilson tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé, ẹja ló gún un lójú kan nígbà tó wà lọ́mọdé. Èyí wà lára ohun tó sọ ọ́ di aṣèwádìí eèrà, torí ó lè gbé e sún mọ́ ojú kejì. Ní 1942, ọmọ ọdún 13, ó rí eèrà àjèjì kan tó ń tani nítòsí èbúté Mobile ní Amẹ́ríkà. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ó kú ní 2021.

Ẹ má gbé e padà sí ìpele àkọ́kọ́, sà. Ìyẹn gan-an ni òfò.

Oníláàbù:
Bàbá, ẹ kìlọ̀ fún un ṣá. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ ló máa ń sáré wá Igbó Ọ̀ṣun fún iṣẹ́ àṣekágbá, torí igbó ńlá tó kù láyìíká wa ò pọ̀. Láti 2005 ló ti wà lára ohun àjogúnbá tí UNESCO ń dáàbò bò, ọdẹ ṣíṣe àti ẹja pípa sì jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ mú eèrà kan níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Kó bẹ̀rẹ̀ ní oko ọ̀rẹ́ yín.

Onípákó Òkè-Fìà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní kí n bi Akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì: kí ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí? Ṣé ká ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo nǹkan kékeré?

Akẹ́kọ̀ọ́ Jámánì:
Ẹ kí Màmá fún mi. Ẹ má ì ra ẹ̀rọ, ó wà ní yunifásítì. Ìgò kéékèèké àti ethanol, ọtí tí wọ́n ń kó eèrà sí kó má bàa jẹrà, ni kó wá. Kó fi pẹ́ńsùlù kọ ibi, ọjọ́ àti orí ohun tó ti bá eèrà kọ̀ọ̀kan sórí bébà inú ìgò, torí ethanol máa ń fọ bírò. Èyí tí kò bá ní àkọsílẹ̀ yẹn, a kì í gbà á. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Èsì ìdánwò rẹ̀ náà, kó má jẹ́ kó wálẹ̀. Kó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀, màá bá a wo àwọn olùkọ́ tó yẹ kó kọ̀wé sí.