Ẹ̀rọ ìka ń sọ 95, ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ gbólóhùn kan parí. Ẹ wá sọ tiyín

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lánàá lẹnì kan béèrè bóyá kóun ra ẹ̀rọ ìka fún bàbá òun tí ásímà ń yọ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nínú mi lórí ẹ̀rọ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín. Èyí tí mò ń wí ni kékeré yẹn tó ń la ẹnu bíi pẹ́ẹ̀gì aṣọ, tí wọ́n ń fi gbá ìka mú nílé ìwòsàn, tí nọ́ńbà á jáde lójú ẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní oximeter. Ó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń ka á nínú ọgọ́rùn-ún.

Oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2021 ni Kòrónà mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Peckham níbí. Ilé ìwòsàn ò ní àyè. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìka kan àti ìwé, pé kó máa wò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bó bá jẹ́ 95 sókè, kó jókòó sílé. Bó bá jẹ́ 93 tàbí 94, kó pè wọ́n. Bó bá já sí 92, kó máa bọ̀ ní pàjáwìrì.

Orí fídíò ni mo ti ń rí i lálaalẹ́, nítorí mi ò lè wọlé tọ̀ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo rí i pé ó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. "Mo ti…" á dákẹ́, èjìká ẹ̀ á gòkè, "…jẹun." Mo ní kó gbé ẹ̀rọ wá síwájú kámẹ́rà. 95. Mo ní kó fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó gbóná, kó tún fi sí i. 95, 94, 95. Ìyàwó ẹ̀ ti pe nọ́ńbà tí wọ́n fún wọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n ń bi í kò ju "Èló ló ń sọ?" lọ. Bó bá ti dáhùn pé 95, wọ́n á ní kò sí ewu.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ṣe nọ́ọ̀sì nígbà yẹn. Mo mọ ẹni tí èémí ò tó bí mo bá rí i: ihò imú tó ń fẹ̀, iṣan ọrùn tó ń yọ, ẹni tó kọ̀ láti fẹ̀yìn lélẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ni mo rí lára ẹ̀gbọ́n mi. Síbẹ̀, fún odidi wákàtí méjì, mo gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ ju ojú ara mi lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé bóyá ẹ̀rù ló kàn ń bà á. Wákàtí méjì yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ìgbà tó yá, mo ní kí ìyàwó wa pe áńbúláǹsì, kó má dárúkọ nọ́ńbà kankan, kó sáà sọ pé ọkọ òun ò lè sọ gbólóhùn kan parí. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan tó ń lù lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ní 86. Ní àkókò kan náà, ẹ̀rọ tó wà níka ẹ̀ ń sọ 94. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀ kó tó padà wálé. Ọpẹ́ ni f'Ólúwa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ìdí ọ̀rọ̀ lọ. Iná méjì ni ẹ̀rọ yẹn ń tàn gba inú ìka kọjá, ọ̀kan pupa, ìkejì irú èyí tí ojú ò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tó rí ọ́síjìn gbé àti èyí tí kò rí gbé kì í gba iná náà mú bákan náà. Ẹ̀rọ á wo ìwọ̀n iná tó jáde lódìkejì, á fi ṣe ìṣirò. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí awọ ara wa dúdú náà ń gba lára iná yẹn mú, bẹ́ẹ̀ àwọn tí wọ́n fi ìka wọn ṣe òdiwọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú wọn. Kódà nínú ìlànà tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn l'Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2013, èèyàn mẹ́wàá péré ló tó láti fi dán ẹ̀rọ wò, kí méjì nínú wọn, tàbí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ adúláwọ̀. Èèyàn méjì!

Kì í sì í ṣe pé wọn ò mọ̀. Láti ọdún 1990 ni àwọn oníṣègùn méjì l'Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé lára aláìsàn dúdú tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí, 92 kò ṣe é gbára lé bíi ti aláìsàn funfun. Ọ̀rọ̀ náà sùn fún ọgbọ̀n ọdún. Ọdún 2020 ni obìnrin olùkọ́ kan ní MIT, yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, tí Kòrónà mú ọkọ ẹ̀, tó sì ń fi ẹ̀rọ ìka wò ó nílé, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ ọ́ jáde. Ìyẹn ló ta àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan jí. Wọ́n lọ tú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wọn. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ sọ 92 sí 96 fún, wọ́n wo àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn gan-an kò tó 88. Nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ funfun, bíi mẹ́rin ni. Nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjìlá. Oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú mi lórí fídíò, tí kò sì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé, Ọ̀ṣun:

Ẹ kú ewu, àǹtí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ibòmíràn lèmi máa gbé ọ̀rọ̀ gbà, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí kó ju ẹ̀rọ náà nù.

Nígbà tí mo dé wọ́ọ̀dù wa, a ò ní in. Sílíńdà ọ́síjìn kan ló wà fún gbogbo ọmọ, ojú la sì fi ń yan ẹni tí a máa gbé e fún. Kí n má purọ́, ọmọ tí ìyá ẹ̀ bá sunkún jù ló sábà máa ń gbà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìka wá, ọmọ oṣù mẹ́jọ kan wà ní bẹ́ẹ̀dì igun, òtútù àyà ló gbé e wá. Ọmọ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìyá ẹ̀ ní ó ti ń sùn, ara ẹ̀ ti ń balẹ̀, àwa náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà kékeré kan fi ẹ̀rọ sí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ẹ̀. 81. A rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. A yẹnu ọmọ náà wò, ahọ́n ẹ̀ ti ṣú bí ẹni lá ẹ̀lú. Ètè ọmọ dúdú ò ní fi irú ẹ̀ hàn yín bọ̀rọ̀, àfi ahọ́n àti inú ẹnu.

Ọmọ tó wà lórí sílíńdà lọ́wọ́, 97 ni ẹ̀rọ sọ fún un. A bẹ ìyá ẹ̀, ó jẹ́ ká gbé ọ́síjìn lọ fún ìkejì. Kó tó di pé ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà ti ń wá ọmú. Mo dúró tì wọ́n, mo ń wo bó ṣe ń fà á, omi ń bọ́ lójú mi.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí iṣẹ́ tí àwọn oníṣègùn ọmọdé n'Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Melbourne ní Ọsirélíà ṣe ní ilé ìwòsàn 12 ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Wọ́n kó ẹ̀rọ ìka wá, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń lò ó fún gbogbo ọmọ tó bá wọlé, wọ́n sì ṣètò ọ́síjìn tó ṣe é gbọ́kàn lé. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Mo ti rí ibi tí wọ́n tọ́jú ẹ̀rọ sínú dúróà ọ̀gá, tí bátìrì sì kú síbẹ̀.

Àmọ́ ohun tí ẹ sọ yìí kò jẹ́ kí n sùn. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí ọmọ tó bá wà lábẹ́ 90 gba ọ́síjìn. Gbogbo ọmọ tó ń wá bá wa ló dúdú. Bí ẹ̀rọ bá ń bù lé e, ọmọ mélòó tí ẹ̀rọ sọ 91 fún ni mo ti ní kó máa lọ sílé?

Ìyá Ìyàwó, Ìlọrin:

Tèmi ò gùn. Àbúrò mi lé laali dúdú sí gbogbo ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nígbà ìkómọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, kò mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún òun fúnra ẹ̀. Ẹ̀rọ ò ka nǹkan kan. Wọ́n gbé e láti ìka dé ìka, àlàfo ló ń fi hàn. Wọ́n wá lọ mú irú èyí tí wọ́n ń fi kọ́ etí wá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ fi ìka kan sílẹ̀ láìlé.

Bàbá kan, Èkó:

Èyí tí mo rà lọ́jà nígbà Kòrónà, 98 ló ń sọ fún gbogbo wa nílé, títí kan màmá mi tó ń wúkọ́ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Mo fi bírò sí i lẹ́nu, ó ní 97. Mo gbé màmá lọ sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí Ọ̀ṣun, ìbéèrè yín tọ́, èmi náà ń bi ara mi. Ọmọ tó bá wà ní 91, tí àyà ẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, tí kò fẹ́ mu ọmú, ẹ má jẹ́ kó lọ. Nọ́ńbà kan ò gbọ́dọ̀ dá ìpinnu ṣe. Ohun tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ náà sọ nìyẹn ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024: ká máa wo bí nọ́ńbà ṣe ń lọ sókè sódò, ká má dì mọ́ ẹyọ kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, FDA gbé àbá ìlànà tuntun jáde pé kí wọ́n dán ẹ̀rọ wò lára èèyàn 150 ó kéré tán, oríṣiríṣi àwọ̀. Láti mẹ́wàá sí 150. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Ẹni tó béèrè nípa bàbá ẹ̀, ẹ rà á, níbi tí ọwọ́ yín ti lè tẹ olóògùn tó tà á bí kò bá dáa. Ọjọ́ tí ara wọn bá yá ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, kí ẹ lè mọ iye tó jẹ́ tiwọn. Kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ọwọ́ gbóná, kí ẹ dúró títí nọ́ńbà ò fi ní sá kiri mọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi mẹ́ta dín sí iye tó jẹ́ tiwọn, ẹ má dúró de 92.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé kan báyìí, ìwé ọmọ ilé-ìwé, ó fi rúlà là á sí méjì. Lápá kan, nọ́ńbà ẹ̀rọ. Lápá kejì, iye àtẹ̀gùn tó gùn kó tó dúró mí. Ó ya ojú ìwé àná ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ yìí: 96. Mẹ́rìnlá, mi ò dúró.