Ojú-akọ kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín lórí ohun tó yẹ ká máa pe "male gaze" ní Yorùbá, mo ní mi ò ní dá sí i, àmọ́ "ojú-akọ" tí ẹ̀gbọ́n wa gbé jáde lálẹ́ àná ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ayàwòrán àtijọ́ nílùú òyìnbó, bí ọkùnrin tó dúró níwájú àwòrán ṣe máa gbádùn obìnrin inú ẹ̀ ni wọ́n máa ń rò kí wọ́n tó yà á, pé ká máa pe ìyẹn ní ojú-akọ, wọ́n wá ní Artemisia Gentileschi, obìnrin ayàwòrán ará Ítálì, ló kọ́kọ́ ta kò ó. Mi ò bá wọn jà lórí Artemisia. Akọ yẹn ni mo bá wá.

Akọ bí i ti báwo? Akọ ẹran, akọ ibà, akọ òkúta. Ẹ pe bàbá yín ní akọ lójú wọn kẹ́ ẹ wá ròyìn fún wa. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dìde pé "takọtabo ńkọ́?" Ó dáa, àmọ́ àwọn méjèèjì ló jọ ń rìn níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá já akọ kúrò lára abo tẹ́ ẹ fi lé ojú lórí, ẹran ló kù yẹn. Akọni náà, ṣebí à ń pe obìnrin ní akọni, ibo wá ni ọkùnrin wà nínú ẹ̀?

Àti pé ojú gan-an ò ṣẹ̀, wíwò ló ṣẹ̀. Ẹ lọ wo àwòrán Sùsánà, obìnrin inú ìwé mímọ́ tí onídàájọ́ àgbà méjì yọ́ wò níbi tó ti fẹ́ wẹ̀. Artemisia yà á lọ́dún 1610 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 péré, bàbá ẹ̀ Orazio ló kọ́ ọ níṣẹ́ ní Róòmù. Pommersfelden ní Jámánì ni àwòrán náà wà báyìí. Mo ṣí i lórí fóònù, mo fìka fẹ̀ ẹ́. Orí òkúta lásán ni Sùsánà jókòó sí, kò sí òdòdó kò sí nǹkan kan, ó yí orí kúrò, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n fẹ́ da omi gbígbóná sí lára. Bàbá méjì rọ̀ mọ́ ògiri lókè orí ẹ̀, ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ sí èkejì létí, èkejì fìka sẹ́nu pé kó dákẹ́. Ẹ wá wo ti Tintoretto, ọkùnrin ayàwòrán ará Ítálì, tó wà ní Vienna, tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí Artemisia tó ya tiẹ̀: Sùsánà tibẹ̀ ń wo dígí nínú ọgbà, ara ẹ̀ balẹ̀, àfi bí ẹni ń retí àlejò. Ìtàn kan náà o! Dáníẹ́lì orí 13, ẹ̀yin Kátólíìkì ní i, àwa ọmọ Áńgílíkà àfi ká wá a lọ sínú Àpókírífà.

Ìyá àgbà mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó sọ fún wa pé nígbà tí àwọn ṣì ń wẹ̀ lódò, ọkùnrin tó bá ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀ á ti wúkọ́ lókèèrè, á ní "àgò o!", á dúró dìgbà tí wọ́n bá dá a lóhùn "àgò yà". Ojú wà lórí ọkùnrin yẹn o, kò kàn wò ni.

Ìwòkúwò ni tèmi. Ó ti wà lẹ́nu wa: ìsọkúsọ, ìjẹkújẹ, ìwòkúwò. Mo gbà pé kò sọ pé ọkùnrin ni, ẹ fi "ọkùnrin" kún un tó bá dùn yín.

Ẹni tó sì túmọ̀ àkọlé àwòrán Sùsánà yẹn sí "Sùsánà àti àwọn Àgbààgbà", àgbààgbà wo? Àwọn tó ní tí kò bá gbà fáwọn, àwọn á parọ́ àgbèrè mọ́ ọn? Àgbà tí ò nítìjú, ojú kan ni ìbá ní, ẹ parí ẹ̀ fúnra yín. Àgbàyà lorúkọ wọn. Pásítọ̀ wa ní mò ń bú àwọn onídàájọ́ inú ìwé mímọ́, ẹ forí jì mí sà, àmọ́ lọ́dún 1612 ni Artemisia alára dúró níwájú kọ́ọ̀tù ní Róòmù lórí Agostino Tassi tó fipá bá a lò, tí wọ́n fi okùn fún un níka, ìka tó fi ń yàwòrán o, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Wọ́n dá Tassi lẹ́bi lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n pe àgbàyà ní àgbàyà.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún kọ "awòran Sùsánà" lẹ́ẹ̀mẹta. Àwòrán lẹ fẹ́ kọ. Awòran Sùsánà, àwọn bàbá méjì orí ògiri yẹn nìyẹn.

Tíṣà wa tó ní ìwòkuwò ni, pé kò gbọdọ̀ ní àmì òkè lórí ku torí ìwàkuwà: mo kọ́ Yorùbá ní girama fún ọdún 22, kú ni mo bá lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ẹ mú ẹ̀rí wá, mi ò tíì sùn.