Ìtàn ilẹ̀ Írẹ́lándì fún àwọn ọmọ: èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Àgbà Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti gbọ́ gbogbo àlọ́ Ìjàpá tán. Kí n tó ní "Ààlọ́ o", wọ́n ti parí rẹ̀ fún mi! Àbúrò mi tó wà ní Dublin ní kí n gbìyànjú ìtàn àtijọ́ ibẹ̀. Èwo ló yẹ ọmọ ọdún mẹ́fà? Mi ò fẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ o.

Tíṣà Adó: Ti Fionn mac Cumhaill ni, mà, akọni inú ìtàn wọn, nígbà tó wà lọ́mọdé. Finnegas, akéwì arúgbó, fi ọdún 7 dọdẹ ẹja ọgbọ́n nínú odò Boyne; ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ni yóò gba ọgbọ́n rẹ̀. Ó mú un tán, ó ní kí Fionn sè é, àmọ́ kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ẹja gbígbóná jó ọmọ náà ní àtàǹpàkò, ló bá ki ìka bọnu. Bí ọgbọ́n ṣe wọ̀ ọ́ lára nìyẹn! Láti ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, àtàǹpàkò ló ń fà mu.

Ọmọ Ìjerò: Ẹ fi ti Cú Chulainn, jagunjagun inú ìtàn wọn, sílẹ̀ ná, ogun pọ̀ níbẹ̀. Ti àwọn ọmọ Lir dùn, ó kàn bani nínú jẹ́ ni: ìyàwó bàbá wọn sọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ẹyẹ odò fún ọdún 900, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kọrin. Ẹ lè dá orin sí i.

Ìyá Àgbà Ìkẹ́rẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Ẹlẹ́ja ni mo mú. Ti ìyàwó bàbá yẹn di ọjọ́ mìíràn. Bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó tuntun wọlé ni.